Láti ọmọ ọdún 13 dé ẹni ọdún 45: bí wọ́n ṣe ń tọpasẹ̀ ọtí, sìgá àti igbó lára ènìyàn

Ní ọdún 2012, ìwádìí kan jáde láti New Zealand pé àwọn tí igbó di bárakú fún nígbà ọ̀dọ́langba, tí wọn kò sì jáwọ́, pàdánù nǹkan bí máàkì 8 lórí òṣùwọ̀n làákàyè tí wọ́n ń pè ní IQ kí wọ́n tó pé ẹni ọdún 38. Ní ọdún 2016, ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe lórí àwọn ìbejì ní Amẹ́ríkà ní tòun kò rí i pé làákàyè èyí tó ń mu igbó nínú ìbejì fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti ìkejì rẹ̀ tí kò mu ún. Ẹni tó bá ka méjèèjì yóò ní ọ̀kan ń purọ́. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Kí a tó lè là wọ́n níjà, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ibi tó ti máa ń wọ́, àti ohun tó ń wọ́ ọ.

Ìwádìí atọpasẹ̀ ni a ó máa pè é níbí. Wọ́n á kó àwọn ọmọ jọ, wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á padà wá bá àwọn kan náà lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, wọ́n á tún padà wá, títí àwọn ọmọ náà yóò fi di ìyá àti bàbá ọmọ. Ó ń jẹ owó, ó sì ń jẹ ọdún. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí irun orí rẹ̀ dúdú, ó ti fẹ̀yìn tì kí ìdáhùn tó ń wá gan-an tó jáde.

Kí ló dé tí wọn kì í kàn bi gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan?

Ọ̀nà tó yá jù ni pé kí a bi ẹgbẹ̀rún ènìyàn léèrè lónìí, ọmọ ọdún 15, ẹni 30, ẹni 50, kí a fi ìdáhùn wọn wéra. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni 50 òde òní kò fìgbà kan jẹ́ ọmọ ọdún 15 òde òní. Ayé tí ó fi ṣe ọ̀dọ́ yàtọ̀ sí èyí.

Ẹ jẹ́ ká lo iye gidi. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Monitoring the Future, tí Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe láti 1975, máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá girama lọ́dọọdún bóyá wọ́n mu igbó láàárín oṣù 12 tó kọjá. Ní 1979, nǹkan bí 51 nínú 100 ni ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1992, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 22. Ọmọ ọdún 18 ti 1979, ní 1992 ó ti di ẹni ọdún 31. Ká ní olùwádìí kan wá dé ní 1992, ó bi àwọn ọmọ ọdún 18 àti àwọn ẹni ọdún 31 bóyá wọ́n ti mu igbó rí láyé wọn, yóò bá a pé àwọn àgbà ló pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Ó lè wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà tí ènìyàn bá dàgbà tán ló ń fẹnu kan igbó. Irọ́ gbáà! Ìgbà ọ̀dọ́ ni àwọn náà mu ún. Ìran tiwọn ló kàn mu ún ju ìran tó tẹ̀lé wọn lọ.

Nǹkan mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra níbẹ̀. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀: ara àti ìgbé ayé ọmọ 18 kì í ṣe ti ẹni 35. Àsìkò wà níbẹ̀: òfin tuntun, owó-orí lórí sìgá, ọjà tuntun bíi sìgá oníbátìrì, tọmọdé tàgbà ló ń kàn lọ́dún kan náà. Ìran náà wà níbẹ̀: àwọn tí a bí sí sáà kan, tí àṣà kan gbòde nígbà ọ̀dọ́ wọn, tí àṣà náà sì bá wọn dàgbà. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ẹni tó bá mọ méjì ti mọ ẹ̀kẹta. Ẹ mú ọdún tí a bí ènìyàn, ẹ fi ọjọ́ orí rẹ̀ kún un, ọdún tí a wà ni yóò já sí. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò sí ìṣirò kankan tó lè ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ pátápátá, àfi bí olùwádìí bá kọ́kọ́ gba ohun kan nípa ọ̀kan nínú wọn láìtíì rí ẹ̀rí rẹ̀.

Kódà, bí a bá tọpasẹ̀ ìran kan ṣoṣo, kò tíì tó. Bí wọ́n bá jáwọ́ nínú sìgá nígbà tí wọ́n pé 25, ṣé ọjọ́ orí ló fà á ni, àbí owó sìgá ló gbẹ́nu sókè lọ́dún yẹn? Ìdí nìyí tí Michigan fi ń mú ìran tuntun wọlé lọ́dọọdún, tó sì ń tẹ̀lé gbogbo wọn pọ̀. Bí àwọn tó ṣe tán ní girama ní 1976, ní 1986 àti ní 1996 bá dín ọtí kù bákan náà nígbà tí wọ́n sún mọ́ 30, tí àsìkò tí wọ́n pé 30 sì yàtọ̀ síra, ọjọ́ orí ni ká mú.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ gan-an

Nínú ìwádìí Michigan, wọ́n á yan agbègbè, wọ́n á yan ilé-ẹ̀kọ́ nínú agbègbè, wọ́n á wá yan akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́. Nínú àwọn tó ń ṣe àṣekágbá lọ́dún kọ̀ọ̀kan, wọ́n á mú nǹkan bí 2,450 tí wọn yóò máa tọ̀ lẹ́yìn. Wọn kì í mú wọn bọ́gba. Àwọn tó ti ń lo oògùn olóró ni wọ́n ń mú jù, ní ìlọ́po mẹ́ta, torí pé àwọn wọ̀nyí kò pọ̀ láwùjọ. Bí a bá mú wọn níwọ̀n bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, ìwọ̀nba tó máa ṣẹ́ kù lẹ́yìn 20 ọdún kò ní tó ohun tí a lè fi ṣírò. Nígbà ìṣirò, wọ́n á wá dá òṣùwọ̀n padà sí bó ṣe yẹ: ìdáhùn ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn yóò wúwo tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, tó ka orí lásán, yóò rò pé gbogbo ìlú ti ya sídìí oògùn.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yóò máa lọ bá wọn ní ọdún méjì-méjì títí wọn yóò fi pé 30. Ìdajì wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn girama, ìdajì ní ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má bàa sí ọjọ́ orí kankan tí kò ní ìdáhùn. Láti ibẹ̀, ó di ọdún márùn-ún márùn-ún: 35, 40, 45, títí kọjá 60. Àlébù ńlá kan wà nínú ìlànà yìí o. Inú kíláàsì àṣekágbá ni wọ́n ti ń mú ènìyàn. Ọmọ tó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ṣáájú kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú wọn ni oògùn olóró sábà máa ń mú jù.

Dunedin, ìlú kan ní New Zealand tí ìwádìí 2012 yẹn ti wá, gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọ 1,037 ni wọ́n mú, gbogbo wọn ni a bí nílùú kan náà láàárín oṣù kẹrin 1972 sí oṣù kẹta 1973. Láti ọmọ ọdún 3 ni wọ́n ti ń yẹ̀ wọ́n wò: eyín, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀, làákàyè, ìwà, ilé tí wọ́n ti wá. Ẹni tó bá ti kó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n á san owó ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ kó lè wá. Nígbà tí wọ́n pé ẹni 45, nǹkan bí 94 nínú 100 àwọn tó ṣì wà láàyè ló wá. Michigan mọ ohun díẹ̀ nípa ènìyàn púpọ̀, Dunedin mọ ohun púpọ̀ nípa ènìyàn díẹ̀. Ìlú kan ṣoṣo sì ni gbogbo àwọn ará Dunedin ti wá. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn kì í ṣe àpẹẹrẹ gbogbo ayé.

Ọ̀nà kẹta kò náni lówó tó bẹ́ẹ̀. Ní Sweden, wọ́n bi àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń pè sí iṣẹ́ ológun ní 1969 àti 1970 léèrè nípa igbó, lẹ́ẹ̀kan péré. Láti ìgbà náà, ìwé ilé ìwòsàn ni wọ́n ń yẹ̀ wò, nítorí pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo ni ọmọ ìlú ń lò níbi gbogbo. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó mu igbó ní 18 tó sì jáwọ́ ní 19, àti ẹni tó ń mu ún títí dòní, ìwé kan náà ni wọ́n wà.

Ìbéèrè

"Ṣé o máa ń mutí?" kò wúlò fún nǹkan kan. Ẹni tó ń mu ún lọ́jọ́ ọdún àti ẹni tó ń mu ún kó tó fọ ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni ni àwọn méjèèjì yóò sọ. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni iye ọjọ́ nínú ọjọ́ 30 tó kọjá, iye ìgbà nínú oṣù 12, iye ìgbà láti ọjọ́ tí a ti bí i, àti iye tó mu lọ́jọ́ tó bá mu ún. Nígbà tí ìròyìn bá ní "ìdajì àwọn ọ̀dọ́ ló ti lo oògùn", ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá "rí" ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ti tó kí a ka ènìyàn mọ́ "ti lò ó rí".

Ìwọ̀n ife tún wà. Ní Amẹ́ríkà, "ife ọtí kan" nínú ìwádìí jẹ́ gíráàmù 14 ògidì ọtí. Ní Britain, ìwọ̀n tí wọ́n ń kà jẹ́ gíráàmù 8. Ìmukúmu tí ọ̀pọ̀ ìwádìí Amẹ́ríkà ń kà ni ife márùn-ún lójú ìjókòó kan. Márùn-ún Amẹ́ríkà jẹ́ gíráàmù 70, márùn-ún Britain jẹ́ 40. Ẹni tó bá gbé nọ́ńbà méjèèjì sórí tábìlì kan láìyí wọn padà ti da omi pọ̀ mọ́ epo.

Bí ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè bá yí padà lágbedeméjì, nọ́ńbà yóò fò sókè tàbí já wálẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni yí ìwà padà. Ní 1993, Michigan fẹ́ jẹ́ kó yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ọtí mímu tí wọ́n ń béèrè ju kí ènìyàn kàn tọ́ ọ wò díẹ̀ lọ. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tuntun sínú ìdajì fọ́ọ̀mù, wọ́n fi ti àtẹ̀yìnwá sílẹ̀ nínú ìdajì yòókù, wọ́n sì fi ọdún kan náà wọn ìyàtọ̀ tí ọ̀rọ̀ nìkan dá sílẹ̀. Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe é nìyẹn, kì í sì í ṣe gbogbo ìwádìí ló ń ṣe é.

Ṣé àwọn ọmọ ń sọ òtítọ́? Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn máa ń bi àwọn olùwádìí nìyí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ó dúró lórí ẹni tó wà nítòsí. Ọmọ tí olùkọ́ dúró lé lórí, tàbí tí ìyá rẹ̀ wà ní yàrá kejì tó ń gbọ́ fóònù, kò ní sọ ohun tó ń lò. Nítorí náà, nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sórí fọ́ọ̀mù dípò orúkọ, ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ sì wà níbòmíràn lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ẹ̀rí ìpamọ́ àṣírí kan wà tí kò jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ pàápàá lè fipá gba ìdáhùn olùkópa lọ́wọ́ olùwádìí. Fún àwọn tó ń fọ́nnu, wọ́n ń dọ́gbọ́n: wọ́n á fi orúkọ oògùn kan tí kò sí láyé kún inú àwọn tó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ti lò ó, wọ́n á fura sí gbogbo fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Èyí tó ń yà wọ́n lẹ́nu jù ni ẹni tó ń sẹ́ ohun tó ti jẹ́wọ́. Ó ní òun ti lo kòkéènì nígbà tó wà ní 18. Ó di ẹni 30, ó ní òun kò fẹnu kàn án rí. Nínú ìwádìí ẹ̀ẹ̀kan, kò sí bí a ṣe máa mọ̀. Títọpasẹ̀ ló tú u fó, ó sì jẹ́ ìdí kan tó fi yẹ ká máa fura sí ìwádìí tó ní kí àgbàlagbà máa rántí ìgbà èwe.

Àyẹ̀wò ara kò lè dípò ìbéèrè. Ọtí fúnra rẹ̀ ń kúrò lára láàárín wákàtí díẹ̀. Ohun tí nikotíìnì, èròjà inú sìgá tó ń di bárakú, ń fi sílẹ̀ nínú ìtọ̀ àti itọ́ ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Igbó lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ìtọ̀ ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ péré ni nínú ti ẹni tó mu ún lẹ́ẹ̀kan. Irun ń hù tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ń sọ nípa nǹkan bí oṣù mẹ́ta, bí ẹni náà bá ń lò ó déédéé. Kò sí èyí tó lè sọ fún wa ohun tí ẹni 40 ṣe nígbà tó wà ní 15. Ìdí tí wọ́n fi ń lò ó ni láti mọ̀ bóyá ìdáhùn ọ̀sẹ̀ yìí ṣeé gbà gbọ́.

Àwọn tó sọnù lójú ọ̀nà

Bí a bá ní ká mú ohun kan ṣoṣo tó ń ba ìwádìí atọpasẹ̀ jẹ́, èyí ni. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ 1,000. Igba nínú wọn ń mutí àmupara, 800 kò mu ún bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá kọjá. Ìdajì àwọn amùtípara kò ṣeé rí mọ́: òmíràn ti kó kúrò nílé, òmíràn wà lẹ́wọ̀n, òmíràn kò gbé fóònù, òmíràn ti kú. Nínú àwọn 800, ẹni 80 péré ló sọnù. Àwọn tó kù jẹ́ 820, amùtípara sì jẹ́ 100 nínú wọn. Ká ní kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó jáwọ́, olùwádìí aláìfura yóò kọ ọ́ pé ìmutípara ti lọ sílẹ̀ láti 20 nínú 100 sí 12. Yóò tiẹ̀ tún wá ìdí tí wọ́n fi jáwọ́.

Ìdènà ló dára ju ìwòsàn lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an, wọ́n á gba nọ́ńbà ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta tí kò ní tètè kó kúrò níbi tó ń gbé. Wọ́n á máa fi káàdì ọjọ́ ìbí ránṣẹ́, kì í ṣe nítorí ìfẹ́ nìkan. Lẹ́tà tó bá padà wá ló ń sọ fún wọn pé àdírẹ́sì ti yí padà. Wọ́n á san owó àkókò fún olùkópa. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti kùnà, wọ́n á fún àwọn tó kù tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọ ti àwọn tó sọnù ní ìwúwo púpọ̀ sí i. Ìyẹn náà ní ààlà: ohun tí a mọ̀ nígbà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló lè tún ṣe. Ẹni tó dára ní 18, tí oògùn wá gbé lọ ní 22, tó sì tibẹ̀ pòórá, kò sí àmì rẹ̀ nínú ìwé. Bí ẹ bá ka ìròyìn ìwádìí ọlọ́dún púpọ̀, ẹ wá iye tó bẹ̀rẹ̀ àti iye tó kù. Bí wọn kò bá sọ ọ́, ẹ má gba ìyókù gbọ́ kíákíá.

Ohun tí títọpasẹ̀ ti fi hàn

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọtí àmupara àti igbó ń gòkè láti ìgbà ọ̀dọ́langba, ó ń dé òkè nígbà tí wọ́n kọjá 20 díẹ̀, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ìgbéyàwó, oyún àti ọmọ títọ́ wà lára ohun tó ń fà á wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Jerald Bachman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan ṣe fi hàn. Sìgá kì í tètè bá wọn sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nikotíìnì ń di ènìyàn mú gírígírí, ẹni tó sì ń mu páálí kan lójúmọ́ ní 18 kì í sábà fi í sílẹ̀ nítorí pé ó gbéyàwó.

Èyí tí mo sọ yìí, àárín gbùngbùn ni, kì í sì í ṣe ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni pàtó gbà. Nínú rẹ̀ ni ẹni tí kò mu nǹkan kan rí wà, ẹni tó mu ún nígbà ọ̀dọ́ nìkan, ẹni tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré tí kò dúró. Kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn pín ènìyàn sí ẹgbẹ́ báyìí, olùwádìí ló sì ń pinnu iye ẹgbẹ́ tó fẹ́, mẹ́ta ni o, mẹ́fà ni o. Ẹ má wá wo ọmọ yín kí ẹ ní "ẹgbẹ́ kẹrin ni eléyìí".

Ìbẹ̀rẹ̀ ní kékeré ló ń da ọ̀pọ̀ òbí láàmú. Ní 1997, Bridget Grant àti Deborah Dawson gbé iye kan jáde tí gbogbo ayé ń tún sọ: nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ọtí kí wọ́n tó pé 15, nǹkan bí 40 nínú 100 ni ọtí di bárakú fún nígbà kan láyé wọn, nínú àwọn tó dúró di 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 10. Òtítọ́ ni nọ́ńbà náà. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni wọ́n bi, pé kí wọ́n rántí. Ọmọ tó bá máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú: ọmọ tó ń mutí ní 13 sábà ti ní ìṣòro mìíràn nílé, níwà tàbí nínú ẹ̀jẹ̀ ìran rẹ̀ kó tó gbé ife. Bí a bá fa ife náà sẹ́yìn ní ọdún méjì, ṣé ìyókù yóò tẹ̀lé e? Nọ́ńbà yẹn nìkan kò lè dáhùn.

Ohun tó dájú jù wá láti ara sìgá. Richard Doll àti Austin Bradford Hill bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn dókítà ọkùnrin ní Britain ní 1951. Nígbà tó pé 50 ọdún, èsì wọn ni pé ẹni tó ń mu sìgá láìdúró pàdánù nǹkan bí ọdún mẹ́wàá nínú ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó jáwọ́ ní 60 rí nǹkan bí 3 gbà padà, ní 50 ó rí 6, ní 40 ó rí 9, ní 30 ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo rẹ̀.

Ti heroin, oògùn olóró líle kan, yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí àwọn ènìyàn ń retí. Lee Robins tẹ̀lé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó padà láti Vietnam ní 1971. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni irú oògùn yìí ti di bárakú fún lọ́hùn-ún. Nínú àwọn yẹn, nǹkan bí 12 nínú 100 ló padà sínú bárakú láàárín ọdún mẹ́ta tí wọ́n délé. Ibi tí ènìyàn wà, àwọn tó yí i ká àti bí oògùn ṣe sún mọ́ ọn ní ipa tó pọ̀. Kò túmọ̀ sí pé heroin rọrùn láti fi sílẹ̀ fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ládùúgbò ara rẹ̀, tó sì ṣì ń gbé ibẹ̀.

Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́

Àkùkọ ló kọ́kọ́ kọ, kì í ṣe òun ló mú ilẹ̀ mọ́. Bí àwọn tó mu igbó ní 15 bá ní àrùn ọpọlọ ní 25, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣeé ṣe. Ó lè jẹ́ pé igbó ló fà á. Ó lè jẹ́ pé àìsàn ti ń rákò bọ̀, tí ọmọ náà fi ń wá ìtura nínú igbó. Ó sì lè jẹ́ pé ohun kẹta, bí ilé tó dàrú tàbí àjogúnbá, ló bí méjèèjì.

Títọpasẹ̀ lè yanjú ìkejì, nítorí ó mọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Ẹ̀kẹta ló le. Nínú ìwádìí Sweden tí wọ́n gbé jáde ní 2002, lórí ọ̀dọ́kùnrin 50,087, àwọn tó ti mu igbó ju ìgbà 50 lọ ní ewu schizophrenia, àrùn ọpọlọ líle kan, tó tó ìlọ́po 6.7 ti àwọn tí kò mu ún. Nígbà tí wọ́n ṣírò àwọn ìyàtọ̀ tó ti wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn, ó wá sí 3.1. Ewu ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ ti nǹkan mìíràn. Ohun tí a kò bá sì bi ènìyàn, a kò lè yọ ọ́ kúrò. Ẹ tún rántí pé ìlọ́po kì í ṣe iye: àìsàn yìí kò mú tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún nínú gbogbo wọn.

Ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ "igbó ni ilẹ̀kùn oògùn líle" ti ń kọsẹ̀. Denise Kandel fi hàn ní 1975 pé oògùn máa ń tẹ̀lé ara wọn: bíà àti wáìnì, sìgá àti ọtí líle, igbó, kí ó tó kan àwọn yòókù. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo heroin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ti mu igbó rí. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ti mu igbó, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò dé ìdí heroin láéláé. Ẹgbẹ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń yí ìdáhùn.

Ìbejì wúlò níbí nítorí ilé kan náà ló tọ́ wọn, ìyá kan ló bí wọn, ìbejì ajọra sì jọ pín àjogúnbá kan náà. Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ìjà àkọ́kọ́. Nínú ìwádìí 2016, ìbejì 3,066 ni wọ́n wò, láàárín ọmọ ọdún 9 sí 12 àti ọdún 17 sí 20. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mu igbó kò tíì mu ún pẹ́. Ní Dunedin, àwọn tó pàdánù jù ni àwọn tí wọ́n bá bárakú igbó lára wọn nígbà àyẹ̀wò mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín 18 sí 38. Ẹni 38 péré ni wọ́n nínú 874, máàkì 8 yẹn sì wá láti ara ìwọ̀nba wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ́langba. Olùwádìí mìíràn, Ole Røgeberg, ti kọ̀wé ní 2013 pé ipò ìgbé ayé ìdílé wọn lè jẹ́ ìdí. Madeline Meier, tó léwájú nínú ìwádìí Dunedin ti 2012, tún bọ́ sídìí ìbejì 1,989 ní England àti Wales ní 2018: àwọn tí igbó di bárakú fún ní 18 ti ní làákàyè tó rẹlẹ̀ díẹ̀ ní ọmọ ọdún 12, kí wọ́n tó fẹnu kan igbó, kò sì rí i pé ó lọ sílẹ̀ láàárín 12 sí 18. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni wọ́n dáhùn. Ọ̀dọ́ tó mu igbó fún ọdún díẹ̀, kò sí ẹ̀rí tó lágbára pé ó ti pàdánù làákàyè nígbà tó bá fi máa pé 18. Ẹni tó gbé e rù fún 20 ọdún, àpẹẹrẹ kékeré kan fi hàn pé ó lè pàdánù.

Èyí tí wọ́n ń tẹ̀lé báyìí ní Amẹ́ríkà ni ABCD, ìwádìí atọpasẹ̀ lórí bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, tó kó ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11,900 jọ láàárín 2016 sí 2018 nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 9 tàbí 10. Ìbejì púpọ̀ wà nínú wọn, wọ́n sì ya àwòrán ọpọlọ wọn kí ọ̀pọ̀ wọn tó mọ ohun tí igbó jẹ́, èyí tí Dunedin kò lè ṣe. Ohun tí yóò bá wọn pàdé kì í sì í ṣe ohun tó bá àwọn ará Dunedin. Nínú igbó tí àwọn agbófinró Amẹ́ríkà gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, èròjà tó ń pani bí ọtí, THC, jẹ́ nǹkan bí 4 nínú 100 ní 1995. Ní 2014 ó ti di nǹkan bí 12. Ìdáhùn nípa igbó ìgbà náà la ní lọ́wọ́.